Télọ̀ Láàárín Àwọn Ọ̀gágun

Télọ̀ yìí kì í ṣàṣìṣe nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè kan tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mú kí ó rán apá òsì kóòtù oníbàárà sí ibi tó yẹ kí apá ọ̀tún wà. Olóorun ló pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Ọ̀gágun pátápátá ni, àwọn ọmọ ogun tó ń kí i ní sàlúù kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti télọ̀ jọ wà nílé-ẹ̀kọ́ ológun, tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ilé bá ń jó, ọkùnrin yìí á sùn dé ìparí rẹ̀. Télọ̀ ló máa ń fẹsẹ̀ ta á jí kí fèrè òwúrọ̀ tó dún.

"Àṣá," ni Olóorun wí, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe télọ̀ nígbà náà nìyẹn. "Oníbàárà rẹ kan ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ. Àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń bọ̀ ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ nípa ìdarí ni wọ́n fẹ́ sọ. Gbogbo sẹ́ẹ̀tì wa ń bọ̀. Wàá wá."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò jáde?"

"Mi ò bi ẹ́ léèrè. Mo ní wàá wá." Ó pa fóònù.

Àìjáde yìí ni ẹ̀gún tó wà lẹ́sẹ̀ télọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan ìyan àṣekágbá kí wọ́n sì gba oyè, ó jábọ́ láti orí ògiri gíga kan tí wọ́n máa ń gùn láti fi dánra wò, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ti gbọ́ ìró orin ìyan wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ti wá gbé e lọ sílé, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ jinná, ó ń tiro díẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ọn. Síbẹ̀, bí ojú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kíá ni télọ̀ á yí i síbòmíràn, á ní ìròyìn ti sú òun.

"Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn ọ̀gágun? Wọ́n á ní ta ni mí."

Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí bọ́tìnnì tó ń gán. "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹni tó pè yín ò mọ̀ yín ni? Bí wọ́n bá béèrè, ẹ ò yadi, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ ṣáà rán kóòtù tó gún régé. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu yín, aṣọ á bá yín sọ ọ́."

Báyìí ni télọ̀ ṣe dé ẹnubodè ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Sátidé, nínú kóòtù tó wu àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan wá àmì-ẹ̀yẹ àwọn tó jáde láyà rẹ̀, kò rí i. Tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ló fi gbé káàdì olókùn kan fún un, tí wọ́n kọ ÀLEJÒ sí gàdàgbà. "Ẹ káàbọ̀, sà." Télọ̀ fi í kọ́rùn, ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n gbá a létí. Àlejò, níbi tí orúnkún rẹ̀ ti bó lórí iyanrìn!

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dì mọ́ ọn, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibùdó ogun àti ìgbéga ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan bi í pé níbo ló ti fẹ̀yìn tì. "Mi ò tíì fẹ̀yìn tì," ló dáhùn, irọ́ kọ́.

Àsọyé bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní aṣíwájú gbọ́dọ̀ máa wo iwájú. Ẹni kejì ní kó máa bojú wẹ̀yìn. Ẹni kẹta ní kó má gbàgbé ọ̀tún àti òsì. Télọ̀ rò ó pé ọrùn aṣíwájú yìí á ti ṣẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Olóorun tó jókòó tì í kò bá wọn dá sí i, ó ti ń hanrun láti orí ẹni kejì. Télọ̀ ń wo ilẹ̀kùn. Ó pinnu pé bí wọ́n bá ti ní kí àwọn lọ sinmi, òun á yọ́ lọ sílé.

Ṣùgbọ́n alága ní kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ pe ara wọn bíi ti àtijọ́. Kí télọ̀ tó dìde, Olórí Sẹ́ẹ̀tì wọn ti bọ́ síwájú. Kò wo ìwé, orí ló fi ń pe orúkọ kálukú, bí wọ́n ṣe máa ń tò lórí pápá láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá wà á dáhùn. Ẹni tí kò bá sí, ẹni tí bẹ́ẹ̀dì wọn jọ wà nítòsí á sọ ibi tó wà, nítorí òfin ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni pé a kì í fi àyè ẹni tí a mọ ibi tó wà fún ẹlòmíràn.

"Ó wà lókè òkun, sà!"

"Ó ti sinmi, sà." Gbogbo wọn tẹrí ba díẹ̀.

Télọ̀ tún wo ilẹ̀kùn. Kò jáde, wọn ò ní pè é. Wọ́n á fò ó, gbogbo ojú á sì rí i níbi tó jókòó sí bí ẹni tó ṣìnà wọlé. Kí ojú má baà ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é, ó fẹsẹ̀ ta Olóorun kó jí.

"Àṣá!"

Ẹnu télọ̀ kò tíì là tí Olóorun fi fò dìde, ojú rẹ̀ ṣì pa dé, ó na ara gbọnrangandan.

"Ó wà nílé ìwòsàn, sà!"

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbọ̀ngàn, àfi bíi pé òrùlé á ṣí.

"Ilé ìwòsàn wo?" ni Olórí Sẹ́ẹ̀tì wí. "Ta ló wá jókòó tì ẹ́?"

Olóorun nu ojú, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, sà. Ọdọọdún ni mò ń sọ ọ́, ó ti mọ́ mi lẹ́nu."

"Ọdọọdún?" ni télọ̀ béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣebí ibẹ̀ la ti rí ẹ gbẹ̀yìn? O ò dágbére fún wa. Ṣé kí n wá sọ pé o ti lọ ni, kí wọ́n fi àyè rẹ fún ẹlòmíràn?"

Omi lé ròrò sójú télọ̀. Gbogbo ọdún tó fi ń yí tẹlifíṣọ̀n síbòmíràn, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ẹnìkan sì ń dìde jẹ́ ẹ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Olórí Sẹ́ẹ̀tì ṣì ń dúró dè é.

"Àṣá!" ló tún pè, bí ẹni tó ń pe ọmọ-ogun.

Télọ̀ dìde. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro dúró ṣánṣán, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete.

"Mo ti dé, sà!"

Olórí Sẹ́ẹ̀tì mi orí, ó sì pe ẹni tó kàn.