Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Wa Ń Pè Mí

Ẹ má wo ikùn tí mo gbé síwájú yìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Chakirou gbé Habiba níyàwó wá sí ilé wa ní Williamsville, l'Abidjan, mo rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tèmi nígbà náà. Habiba wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó sọ mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyá wa ti kú. Habiba ló ń fọ aṣọ mi, òun náà ló ń nà mí bí mo bá sá nílé ìwé. Mo dàgbà, mo fẹ́yàwó, mo yọkùn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ló ń pè mí.

Lọ́dún 2004 tí ìlú dàrú, Chakirou ti di ẹni ilẹ̀. Habiba di ẹrù, ó ní òun ń lọ sí Pobè ní ilẹ̀ Benin títí ìlú yóò fi tòrò. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni iná jó ìsọ̀ mi l'Adjamé, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ, ìwé tí mo kọ nọ́ńbà fóònù sí sì jó mọ́ ọn. Mo ránṣẹ́ sí Pobè, wọ́n ní ó ti kọjá sí Libreville ní Gabon, àwọn ò mọ àdúgbò. Ká má parọ́, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo máa ń sunkún nínú ìsọ̀ tuntun, màá ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ní 2007 ni mo gbọ́ pé bí èèyàn bá ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní Gabon lè rí i. Mo ní mo fẹ́ ṣe é nítorí ọjà. Ìyàwó mi Kadidja bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń ra abẹ́rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ignace ni mo kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Táì ló mú mi gbà á. Ó wọ táì nínú oòrùn Adjamé, ó ń fi imú sọ Faransé. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, àwọn àgbà ti sọ ọ́, etí mi ló di. Mo ní kó kọ orúkọ mi gàdàgbà: Moufoutaou Lábọ̀dé, ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ìkànnì náà ń tàn yanran. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń lọ sí cyber, ilé tí wọ́n ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ wò ó bóyá ẹnì kan kọ̀wé. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Ṣáínà nìkan ló ń kọ̀wé. Ọdún méjì gbáko.

Nígbà tó yá, Ignace lọ sí Faransé, ìkànnì ò ṣí mọ́. Wọ́n ní kí n gbìyànjú Christelle, ọmọ Adélànà tó ń ta bàtà. Ó wọ sálúbàtà dé, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín nínú bébà. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Inú mi ò dùn sí i rárá. Mo ka orúkọ mi fún un, kò kọ ọ́. Ó ní ta ni mo fẹ́ kó rí ìkànnì náà. Mo ní oníbàárà. Ó ń wò mí. Mo bínú, mo ní ṣé iṣẹ́ ló wá ṣe àbí ìbéèrè ló wá bi mí. Kò dìde. Ni mo bá sọ ti Habiba fún un.

“Tonton,” ó fi Faransé pè mí bí àgbà, ó ní, “tó bá dé cyber, kí ló máa ní kí wọ́n tẹ̀?”

Habiba tí kò pe orúkọ mi rí, lójú ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn rẹ̀, níbi òkú rẹ̀ pàápàá. Ṣé àjèjì tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ni yóò wá pè é fún? Ohun tí ọmọdé ilé wa mọ̀, èmi àgbàlagbà ni mo gbàgbé rẹ̀.

Christelle kọ ọ́ sókè ìkànnì tuntun pátápátá: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Williamsville, Abidjan. Ó tún kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i, ó ní bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ní cyber nìyẹn. Kadidja wo ikùn mi, ó tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, lẹ́tà kan wọlé láti Libreville. Christelle ló kà á fún mi. Zénabou ló kọ ọ́, ọmọ àbúrò Habiba tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní láti ọdún mẹ́ta, gbogbo Sátidé ni Habiba, tí òun ń pè ní màmá, ń mú òun lọ sí cyber kí òun tẹ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Abidjan. Kò sóhun tó ń jáde. Màmá á ní kò burú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá kú ní oṣù méjì sẹ́yìn. Òun kàn lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni, torí pé Sátidé ni.

Christelle gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Mo ní kó kà á tán.

“Lọ́jọ́ tó kú, ó ń pe Moufoutaou, Moufoutaou. A wá a ká gbogbo àdúgbò. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọjọ́ kan ṣoṣo tó pè mí lórúkọ láyé, mi ò sí nítòsí kí n jẹ́ ẹ.