Àga Tí A Fi Itan Wọ̀n

Bí Silas káfíńtà bá fa téèpù yọ lápò, àwọn ará àdúgbò Atong Abè a kọ́kọ́ bi í pé ta ló kú. Ó máa ń bí i nínú. Òun ló kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní Libreville, òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n pósí ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbàkúùgbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ìjọ, Silas ní í kan pósí, kì í sì í gba nǹkan kan.

Lọ́dún kejì tí Gabon gba òmìnira, iṣẹ́ kan já lé e lọ́wọ́ tí kì í ṣe ti òkú. Ọdúnọlá, ọmọ Keziah tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ, ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọrùn rẹ̀ kò gba orí dúró, kò rìn, kò sì sọ̀rọ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn obìnrin ìjọ a máa gbé e láti itan dé itan kí ìyá rẹ̀ lè fara balẹ̀ gbọ́ ìwàásù. Nílé, lórí ìdùbúlẹ̀ ló ti ń jẹun, oúnjẹ a sì máa há a lọ́fun. Célestine, nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú náà tó fẹ́ràn rẹ̀, sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí ọmọ yìí kò bá rí ohun tó lè jókòó sí, lọ́jọ́ kan oúnjẹ á gba ọ̀nà èémí lọ, á sì pa á. Kò sí irú àga bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ìjọ ní kí Silas kàn án.

Silas dé ilé Keziah, ó bá ọmọ lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó na téèpù láti orí rẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Keziah já téèpù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Non, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ kò ní wọ̀n ọ́n."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ bí àga ṣe máa tóbi tó?"

"Bí ẹ ṣe kúnlẹ̀ yìí náà lẹ kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Téèpù yìí náà ni. Mo ń wò yín."

Òótọ́ ni. Ibà ló pa ọmọ yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Silas bá tirẹ̀ jáde, ó ń ráhùn lójú ọ̀nà pé oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó rántí bí pósí yẹn ṣe kéré tó, tó fi jẹ́ pé abíyá lòun gbé e sí lọ. Ojú tì í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sẹ́yìn, kò sì gbọ́ ìwàásù. Màmá Susannah, àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló gbé Ọdúnọlá. Apá òsì rẹ̀ gba ọrùn ọmọ, orúnkún rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ kí ọmọ má baà yọ̀ ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún sì wà láyà rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbé e fún Fọlákẹ́. Kí ọmọ tó dé itan Fọlákẹ́, apá ti tẹ̀, orúnkún ti ga, bíi ti Màmá gẹ́lẹ́. Ẹni kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá yé Silas. Àga tó ń wá ti wà nínú ìjọ látọjọ́ yìí, àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé e kiri lára.

Bí wọ́n ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó sáré lọ bá wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí apá yín padà." Ó fa téèpù yọ.

Màmá Susannah wò ó láti òkè délẹ̀. "Silas, o ò tilẹ̀ lè mú sùúrù kí n kú tán?"

"Ẹ máa pẹ́ láyé, Màmá. Itan yín ni mo fẹ́ kàn."

Ẹ̀rín gba ilé. Silas wọn apá, ó wọn orúnkún, ó wọn ibi tí àyà ti pàdé apá. Fọlákẹ́ ní kó má gbàgbé pé ọmọ náà máa ń fì sí òsì. Keziah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Igi okoumé ni Silas lò, torí ó fúyẹ́. Àwọn obìnrin rán tìmùtìmù òwú sí i. Ohun tí yóò gba ọmọ mọ́ àga ló kù, Keziah ló sì mú un wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè: ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n láti kékeré.

Wọ́n gbé àga síwájú ìjọ, wọ́n gbé Ọdúnọlá sí i. Orí rẹ̀ fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì, ó bá ibi tí apá Màmá Susannah yẹ kó wà, ó sì dúró. Ọmọ tó jẹ́ pé àjà àti àgbọ̀n àwọn tó gbé e ló ti ń wò fún ọdún mẹ́fà wá rí ènìyàn. Ó wo ojú kan, ó wo òmíràn, kò kánjú, láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, títí ojú rẹ̀ fi kan ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rín ẹ̀rín olóhùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Célestine fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, kò wúkọ́. Ó tún lanu.

Kò sẹ́ni tó dá orin. Pásítọ̀ gan-an gbàgbé ohun tó kàn. Silas wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Pákó ni, ìṣó ni, ohun tó fi ń kan pósí náà ni.

Ọdún yípo. Keziah pọn ọmọ rẹ̀ wá sí ìdí iṣẹ́ Silas láìsọ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, àga ti kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta."

Silas fa téèpù yọ, ó rántí, ó sì tún tì í bọ àpò. "Ìyá Ọdún, jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe Màmá Susannah àti Fọlákẹ́."

Keziah tú ọ̀já, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì tí Silas ti ń kan pósí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kó mú téèpù wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di orí téèpù mú níbi àtàrí ọmọ.

"Ẹ wọ̀n ọ́n, Bàbá. Ó ń dàgbà."