Ohun Tó Dún Lábẹ́ Adágún

Nígbà tí ìròyìn kàn pé wọ́n máa ti kòtò ìwakùsà irin níkẹ́ẹ̀lì pa, èyí tó ń bọ́ ìlú wọn ní àríwá Manitoba, ojú Doreen Linklater ni gbogbo èèyàn ń wò. Òun ló ń darí àwọn tó ń fi iná mànàmáná wá níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á tẹ́ wáyà gbọọrọ yí ilẹ̀ ká, wọ́n á gbé iná jẹnẹrétọ̀ sí i, wọ́n á sì pa á lójijì. Bí òkúta tó ní níkẹ́ẹ̀lì bá wà nísàlẹ̀, iná tó ti wọ inú rẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ Doreen á máa gbọ́ ọ bó ṣe ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù kẹta, tí adágún ẹ̀bá ìlú ṣì dì gbagidi di yìnyín, ẹ̀rọ náà gbọ́ ohun kan lábẹ́ omi tó ń dún ṣáá. Ó wá ku kí wọ́n na wáyà kọjá ibi tóóró kan tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ yìnyín.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá yìnyín yẹn lu ká wo bó ṣe nípọn sí," Doreen sọ fún Ambrose Dysart, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa alùpùpù orí yìnyín.

"Mo ti dá a lu láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́ bíi pé ìwọ lo fẹ́ wà á." Ambrose rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá rí níkẹ́ẹ̀lì yín, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ fi pe kòtò náà. Ẹ má fi ti Verna ìyàwó mi pè é o, á máa pàṣẹ fáwọn òṣìṣẹ́."

Ó lọ, wáyà ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Doreen rí i tó dé àárín. Ó rí i tí ẹ̀yìn alùpùpù náà rì, lẹ́yìn ìyẹn, omi dúdú nìkan ló kù. Òun àtàwọn yòókù dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín, wọ́n ń fa wáyà. Wáyà ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kàn ń tú sí wọn lọ́wọ́ látinú omi ni. Àwọn ọlọ́pàá òmùwẹ̀ ló gbé òkú Ambrose jáde lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Doreen gba apá ibòmíràn parí iṣẹ́ náà, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ihò lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń dún lábẹ́ adágún. Kò purọ́, ohun tó wà níbẹ̀ dún bíi níkẹ́ẹ̀lì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí ikú yẹn má baà jẹ́ ikú òfo.

Ọjọ́ tí òkúta jáde látinú ihò, Verna wá sí àgọ́. Ó fọwọ́ kàn án. Ìka rẹ̀ dú.

"Ṣé òun nìyí?"

"Rárá, Àǹtí. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe inú pẹ́ńsù ni. Iná máa ń wọ ara òun náà. Létí ẹ̀rọ wa, bákan náà làwọn méjèèjì ń dún, àfi ká gbẹ́ ẹ ká tó mọ̀."

Verna nu ìka rẹ̀ mọ́ kóòtù, dúdú náà ò ṣí. "Pẹ́ńsù ni ọkọ mi kú fún." Ó kọjú sí Doreen. "Má sọ fún ìyá rẹ̀. Sọ pé ẹ rí níkẹ́ẹ̀lì náà. Ó ti darúgbó, jẹ́ kó rí nǹkan dì mú."

Doreen gbà. Nígbà tó dé ilé ìyá Ambrose, ó bá a níbi tó ti ń la ẹja.

"Ṣé wọ́n rí i?" ni ìyá béèrè.

Irọ́ náà ti wà lẹ́nu Doreen, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ jáde. "Wọn ò rí i, Màmá. Òkúta lásán ni."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wọn ò ní wa kòtò síbẹ̀ nìyẹn?"

"Wọn ò ní wà á."

"O ṣeun. Mi ò rí oorun sùn látìgbà yẹn. Mo ń rò ó pé wọ́n á fa adágún yẹn gbẹ, tí ọkọ̀ akẹ́rù á máa gba orí ibi tọ́mọ mi rì sí." Ó tún mú ọ̀bẹ. "Jókòó. Wàá jẹ ẹja."

Doreen jókòó, ó sì jẹun.

Verna gbọ́ pé Doreen ti sọ òótọ́. Kò béèrè ohun tí ìyá wí. Nígbà tí wọ́n ti kòtò ìlú pa, ó kó àwọn ọmọ lọ sí Winnipeg, kò sì dágbére fún àbúrò rẹ̀.