Ìjókòó Imú Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ yá mi létí díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ ní tirẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí ìdúró. Ìtàn obìnrin méjì tó ń fẹ̀yìn wa ọkọ̀ ni, ní ìlú tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Mo ṣèlérí pé kò ní gùn jù, kò sì ní kúrú débi tí ẹ ó fi bi mí pé, "Ṣé ó tán ni?"

Gbémisọ́lá ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nọ́ọ̀sì ni ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ onígi gbé èèyàn sọdá. Kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ àjẹ̀ẹ́ mú. Ohun tí bàbá náà sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ni pé, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ lórí omi, igi táwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Ìgbà tó dé Al Khan, àdúgbò etí omi kan ní Sharjah, ó rí àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí ọ̀sà ibẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń sáré bí ẹja. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó ti wà láàárín ilé ìwòsàn àti bedspace, ibùsùn kan tó háyà nínú yàrá àjọgbé, tipẹ́, kò sì ní ohun kan tó lè pè ní tirẹ̀ nílùú náà. Ó bá wọ ẹgbẹ́ wọn. Àṣé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà! Ẹni tó ń wà á á kọ ojú sí ìdí ọkọ̀, á kẹ̀yìn sí imú. Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá.

"Ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀ ni, àbí omi ló ń wà yín?"

Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni wọ́n fi í sí, òun àti Ọmọ́ṣadé, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀nténà ní èbúté Jebel Ali. Ọmọ́ṣadé ju Gbémisọ́lá lọ dáadáa. Nínú ọkọ̀ yìí, ẹni tó jókòó nídìí ló ń dá ìwọ̀n eré sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó jókòó nímú ló ń yí ọrùn wo ọ̀nà, òun náà ló ń pàṣẹ: fà sọ́tùn-ún, dúró, ó yá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Lukman tó jẹ́ kóòṣì wọn, ọmọ Lagos, bi wọ́n pé, "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?" Ọmọ́ṣadé nawọ́. Lukman ní kó lọ sí imú, kí Gbémisọ́lá jókòó nídìí. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ọmọdé ni yóò máa pàṣẹ fún àgbà ni?

Àmọ́ Gbémisọ́lá kò lè yé bojú wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti wà á díẹ̀, ọrùn rẹ̀ á yí fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á fì sápá kan, eré á sì dà rú. A kì í ṣe ẹ̀bọ̀lọ̀ kó má rùn ìgbẹ́.

Báyìí ni ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ yìí nílùú òtútù, bí omi wọn bá ti dì, wọ́n á wọlé lọ wa ọkọ̀ lórí ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n máa fi ọ̀pá méjì ti ara wọn lọ lórí yìnyín. Síkì ni wọ́n ń pè é. Ní Sharjah, ooru ni òtútù tiwọn. Ooru ló lé wọn kúrò lórí omi, wọ́n wọ jíìmù, Lukman sì gbé iṣẹ́ àwọn ará ìlú òtútù fún wọn: ẹ̀rọ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ síkì tí wọ́n ń fi okùn méjì fà láti òkè wá sílẹ̀, títí apá á fi di ti ẹlòmíràn. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Lórí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó lè bá Gbémisọ́lá dọ́gba. Ògiri kò ní ìgbì, igi kò sì rì sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àní Inúolúwa, obìnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan láti Dubai tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ojú rẹ̀ sì wà lára ìjókòó ìdí ọkọ̀ náà, kò lè bá a.

"Sister, ṣé ẹ̀ ń jẹ petírólù ni?" Inúolúwa bi í.

"Ẹ̀bà ni. Ìwọ máa mu kọfí ẹ lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Lukman kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn yìnyín kan ní Dubai, níbi tó ti bẹ̀bẹ̀ gba ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ jù ní kùtùkùtù. Wọ́n wọ ẹ̀wù bí àpò ìrẹsì. Ọmọ́ṣadé ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Gbémisọ́lá ní tirẹ̀ ń lọ níwájú bí ẹni ń lọ ra iyọ̀, nítorí ojú rẹ̀ kọ sí ibi tó ń lọ. Nígbà tó yá, Ọmọ́ṣadé tẹjú mọ́lẹ̀, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ tọ ipa Gbémisọ́lá.

"Àbúrò, sáà sọ fún mi bí kòtò bá wà," ló wí. "Èmi ò ní gbójú sókè mọ́."

Kò ṣubú mọ́ títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ooru rọ̀, wọ́n padà sórí omi. Ìdíje ń bọ̀ ní Dubai nínú oṣù Kejìlá, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò bá Ọmọ́ṣadé wọkọ̀. Inúolúwa kọ́kọ́ wà á. Kò yára jù, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ dúró gbọn-in. Lukman wá wo Gbémisọ́lá.

"Ìwọ lo lágbára jù. Mo mọ̀. Àmọ́ bóo bá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, khalas, ó parí. Inúolúwa ló nìjókòó."

"Mo ti gbọ́, kóòṣì."

Wọ́n gbéra. Gbémisọ́lá tẹjú mọ́ ilé gíga kan tó ń jìnnà lọ, ó ń fà, ó ń tì. Ọkọ̀ ń lọ bí ọ̀bẹ nínú àkàrà. Ó wá gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín náà ń sún mọ́ wọn. Ó dúró kí Ọmọ́ṣadé pàṣẹ. Ọmọ́ṣadé kò wí nǹkan kan. Gbémisọ́lá mọ̀ pé bí òun bá wo ẹ̀yìn, ìjókòó ti bọ́.

Ó wò ó.

Ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́, ló gbábùú ọ̀nà wọn, bàbá kan àti ọmọ méjì nínú rẹ̀.

"Ọmọ́ṣadé! Dúró! Ki àjẹ̀ bọmi!"

Ọkọ̀ wọn yí, ó fì, ó dúró. Omi ta sí àwọn ọmọ náà lára, wọ́n pàtẹ́wọ́. 

"Ta lo pè bẹ́ẹ̀ yẹn?" Ọmọ́ṣadé bèèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mi ò ní kóo bẹ̀ mí. Mo ní ta lo pè?"

"Ẹ̀yin ni, ma."

Lukman fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ súnmọ́ wọn. "O bojú wẹ̀yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Khalas nìyẹn."

Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Gbémisọ́lá ti ń kó bàtà rẹ̀ nígbà tí Ọmọ́ṣadé dá Lukman dúró.

"Ta ló yẹ kó rí àwọn ọmọ yẹn?"

Kò dúró kí Lukman dáhùn.

"Èmi ni. Ọrùn mi ò yí dáadáa mọ́, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ta ni yóò ní òun ò lè jókòó sípò àgbà? Jẹ́ kí n lọ sídìí, kí òun bọ́ sí imú. Kó máa wo ọ̀nà ẹ̀ tó fẹ́ràn."

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín á máa pàṣẹ fún yín?"

"Ṣé ìdíje lo ní ká lọ ni, àbí ìkúnlẹ̀?"

Inúolúwa ní òun ò gbà, àyàfi bí wọ́n bá yára ju òun lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Wọ́n pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n tún gbéra. Gbémisọ́lá rí ike pupa ńlá kan tó léfòó níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ma, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá wa fa ọ̀tún..."

Gbàà! Wọ́n ti kọ lu ike náà.

Ọmọ́ṣadé kò bojú wẹ̀yìn. "Gbọ́ mi. Lórí omi, èmi ò ju ẹnikẹ́ni lọ. Pè mí lórúkọ, kóo pariwo mọ́ mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Tí ẹsẹ̀ wa bá kan ilẹ̀, kóo wá kúnlẹ̀ dáadáa. Yalla, ó yá!"

Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn Gbémisọ́lá ta káàkiri ọ̀sà Al Khan lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà ní bákónì ilé gíga ń yọjú wo ẹni tó ń bá èèyàn jà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Inúolúwa fúnra rẹ̀ ló di ọkọ̀ mú fún wọn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. "Ó tán, ẹ ti borí mi," ló wí. Gbémisọ́lá kúnlẹ̀ sínú omi tó ṣẹ́ kù lórí pákó èbúté, Ọmọ́ṣadé sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kó dìde.

Ipò kẹta ni wọ́n gbà nínú oṣù Kejìlá. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ní Ẹ̀pẹ́.

"Ìwọ lo wà nímú un nì?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ṣé ò ń wo ọ̀nà?"

"Mò ń wò ó, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Èmi ò sí níbẹ̀ o. Wùmí, tí òun àti Gbémisọ́lá jọ ń gbé yàrá kan ní Al Khan, ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wálé. Ẹnu Ọmọ́ṣadé ni òun náà sì ti gbọ́ ọ, níbi tó ti ń fi ọwọ́ wọ́ ọrùn.