Àwọ̀ Ìyeyè Lára Ilé Adelino

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí Sidonie ti ń kọ́ṣẹ́ ayàwòrán-ilé, lápá ìlà-oòrùn Paris, ọmọ tó wọlé lánàá pàápàá ti mọ òfin àwọ̀ mẹ́ta. Ilé tó bá ti wà nílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, dúdú ni wọ́n ń kùn ún nínú àwòrán. Èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́, pupa. Èyí tí wọ́n fẹ́ wó, ìyeyè. Àwọn ará ìta nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, ta ló sì ń bi ará ìta?

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kì í kọ́ wọn ní yíya ilé nìkan. Yíya ìlú ni wọ́n ń kọ́ wọn, àti gbogbo ohun tó yí ìlú ká: ọ̀nà rélùwéè, oko tó kù, odò. Nígbà tó kan iṣẹ́ àṣekágbá, àdúgbò tí wọ́n bí Sidonie sí ló mú. Ilé gogoro kan dúró síbẹ̀, ó dábùú láàrin ibùdókọ̀ rélùwéè àti odò Marne. Bí ilé náà bá kúrò, gbogbo àdúgbò á rí odò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá Sidonie ń gbé nínú ẹ̀.

Adelino lorúkọ bàbá yìí. Portugal ló ti wá ní kékeré, ó sì fi bọ́ọ̀sì kó èrò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìjọba ìlú ti ní àwọn fẹ́ wó ilé náà, Adelino sì ti fárígá pé òun ò lọ síbì kankan. Inú ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ìyá Sidonie, kú sí lóṣù kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín, Sidonie padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó mú àwọ̀ ìyeyè, ó sì kun ilé náà látòkè délẹ̀. Kò dùn ún. Inú rẹ̀ ò sì dùn. Bó ṣe rí lára rẹ̀ látọjọ́ ìsìnkú nìyẹn: ó ń jẹun láìmọ adùn, ó ń sùn láìsinmi.

Kò pe bàbá rẹ̀ sí ọjọ́ tó máa gbé iṣẹ́ náà jáde. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó bá wù lè wọlé. Gwenolé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a lẹ bébà mọ́ ògiri, ló kọ́kọ́ rí baba náà lójú fèrèsé.

"Sidonie, wàhálà dé o! Bàbá ẹ rèé, ó wọ kóòtù, ó gbé wáìnì dání!"

"Ta ló sọ fún un?"

"Ṣé èmi ni wòlíì ni? Gbọ́, àwòrán àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, èyí tí ilé yẹn ṣì dúdú. Jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ kíá."

"Odò ńkọ́?"

"Odò wo? Bàbá ẹ ni mò ń wí, ìwọ ń wí odò! Olórí kunkun!"

"Tá a bá pààrọ̀ ẹ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò ní yege." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin, ó sì lẹ ìyeyè náà mọ́ ògiri.

Adelino wọlé, ó ń kí tọmọdé tàgbà. Kóòtù tó fi sin ìyàwó rẹ̀ ló wọ̀. Ó wo àwòrán náà títí, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, kó tó fìka lé e.

"Háà! Ilé wa rèé! Ẹ wá wò ó o! Àwọn ilé tó yí i ká dúdú bí ìdí ìkòkò, tiwa nìkan ló ń dán!" Ó yíjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n Hortense Quéméner, olórí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. "Màdáámù, ṣé ẹ rí nǹkan tọ́mọ mi ṣe? Ó rántí ilé. Ká ní ìyá ẹ̀ wà láyé ni!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo bàtà ara wọn. Ojú ti Gwenolé débi pé ó tún ń tẹ bébà tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́. "Sidonie, à ń gbọ́ ẹ."

Sidonie bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń pe wíwó ní wíwó. "Dídá ilẹ̀ sílẹ̀" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ilẹ̀ wà lẹ́wọ̀n.

"Níbí yìí," ló wí, "a ó dá ilẹ̀ sílẹ̀, kí odò lè fojú hàn."

Adelino mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òmìnira ṣáà ni wọ́n ń sọ, òmìnira kì í sì í ṣe nǹkan burúkú.

Sidonie lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ì bá mu wáìnì rẹ̀, ì bá fi ayọ̀ wọ ọkọ̀ padà sílé, ó dìgbà tí ẹlòmíì bá là á lọ́yẹ. Sidonie wo ojú rẹ̀.

"Bàbá, wíwó ni. Yẹ́lò yẹn, wíwó ni. Ilé wa ni mo wó."

"Ta ló ní kó o wó o?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n wó o. Èmi ni."

Adelino dìde, ó rìn wá sídìí ògiri. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Èmi wá ńkọ́? Ibo lo fi mí sí?"

Ká má purọ́, Sidonie ò ronú nípa ìyẹn rí. Ó wá ibì kan lójú àwòrán, ó sì fìka lé ilé pupa kan lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè. "Ibí."

Baba náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilé pupa náà pẹ́.

"Ó dáa," ló wí. "Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ìyá ẹ ò mọ ibẹ̀."

Ó padà lọ jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bi Sidonie bóyá kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ó ní rárá. Ó ṣàlàyé ọ̀nà, ó ṣàlàyé igi, ó ṣàlàyé ibi tí omi òjò á gbà, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ jáde lọ fikùnlukùn, wọ́n sì padà wọlé. Wọ́n ní ó yege. Wọ́n tún yìn ín, pàápàá fún ìgboyà tó fi ṣí ojú odò.

Kí ẹnikẹ́ni tó mira, bàbá rẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́. Ó dìde dúró, òun nìkan, ó ń pa á kíkankíkan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí àwọn yòókù fi dara pọ̀ mọ́ ọn. Sidonie ò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn lákòókò yẹn ju pé kí bàbá òun ṣáà dáwọ́ dúró.