Ohùn Tí Bùsàrí Gbé Lọ sí Ọ̀kà

Bùsàrí kì í gba fóònù gbọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fóònù títúnṣe ló fi ń jẹun. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba n'Íkàrẹ́, tó ń tú ẹ̀yìn fóònù àwọn èèyàn, ohun tó sì ti rí níbẹ̀ ti mú kó máa fura sí gbogbo èèyàn. Ṣé kì í ṣe ìṣojú rẹ̀ ni fóònù obìnrin kan ń dún, tí orúkọ tó yọ jẹ́ "Ìyá Elépo", tí ohùn tó jáde nígbà tó gbé e sì jẹ́ ti ọkùnrin tí ọ̀fun rẹ̀ nípọn? Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó lè sọ ohunkóhun tí Bùsàrí máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnìkan bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, á máa ro ohun tí onítọ̀hún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Ìbíyínká ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ẹ̀pinmi ni, aránṣọ ni. Àwọn ará Ẹ̀pinmi ní èdè tiwọn, kò sì sí ohun tí ará Ìkàrẹ́ lè gbọ́ nínú rẹ̀. Yorùbá ni Ìbíyínká ń sọ fún ọkọ rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti kírun Mọ́gàrí tán, á gbé àga kékeré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, á fi okùn fóònù bọ etí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè rẹ̀. Fàájì tirẹ̀ nìyẹn. Kì í wo fíìmù, kì í sì í jókòó ti ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

"Màmá mi ni," ló máa ń wí tí Bùsàrí bá béèrè.

Màmá wo ló ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó wá bí Bùsàrí nínú jù ni pé ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín sì tẹ̀lé e. Ó yọ́ fóònù ìyàwó rẹ̀ wò. "Màmá" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bùsàrí rẹ́rìn-ín ìbínú. Ìyá Elépo náà ńkọ́?

Nígbà tó di ọjọ́ Ọjọ́rú, ó mú ògbólógbòó fóònù kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó sì fi pamọ́ sẹ́yìn agolo gáàrì lójú fèrèsé ilé ìdáná; lóru ló lọ yọ ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìbíyínká ní òun ń lọ wo ìyá òun l'Ẹ́pinmi, òun á dé lọ́jọ́ Àìkú. Bùsàrí wo báàgì rẹ̀. Aṣọ márùn-ún fún ọjọ́ méjì! Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé tí ohun tí òun ń fura sí bá jẹ́ òtítọ́, kí obìnrin náà má wulẹ̀ padà wá mọ́.

Ta ni yóò wá bá a túmọ̀ ohùn náà? Àwọn obìnrin Ẹ̀pinmi tó wà lọ́jà Ìkàrẹ́, ọ̀rẹ́ Ìbíyínká ni gbogbo wọn, wọ́n á bò ó láṣìírí. Ló bá gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà, lọ́dọ̀ Bàbá Zacchaeus, ọmọ Ẹ̀pinmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí Bùsàrí ti bá tún fóònù ṣe rí. Ó bá bàbá náà níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ gé ọ̀mùnú ọsàn kan lọ́ mọ́ èkejì nínú ọ̀rá dúdú dúdú tó kó iyẹ̀pẹ̀ sí.

Bàbá fi ọwọ́ nu ṣòkòtò, ó gbé fóònù náà sétí, ó ń gbọ́.

"Ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀," ó wí. "Ó ń béèrè orúnkún rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ oko ẹ̀gẹ́."

"Ó ṣáà dá yín lójú pé ìyá rẹ̀ ni, Bàbá? Wọ́n dárúkọ mi níbẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín."

"Ó ní tó o bá ti ilẹ̀kùn tán, o tún máa ń padà wá fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta."

Ojú ti Bùsàrí, nítorí òótọ́ ni.

Nínú fóònù náà, Ìbíyínká dágbére fún ìyá rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ìbíyínká tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sún mọ́ fóònù báyìí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Zacchaeus gbọ́ ọ tán, ó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí ló wí, Bàbá?"

"Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ó mọ̀ yín? Láti ìgbà wo?"

"Kò mọ̀ mí! Fara balẹ̀. Ó ní, 'Ẹ̀yin ará ilé wa tí ọkọ mi bá gbé èyí wá bá, mo kí yín o. Mo ti rí fóònù lẹ́yìn agolo gáàrì. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti jọ ń gbé, kò béèrè rí bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní èdè ìyá mi. Ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń lọ sílé. Ó máa pè mí, èdè wa ni màá sì fi bá a sọ̀rọ̀. Tó bá lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa dá mi lóhùn, màá padà. Tí kò bá lè ṣe é, kó fi máṣìnnì ìránṣọ mi ránṣẹ́.'"

Bùsàrí dìde. Ó wo bàbá náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tó sọ gan-an nìyẹn?"

"O ò lè mọ̀ ọ́n," Bàbá wí, ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Jókòó, kí n kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kó o tó pè é."

Bùsàrí rò ó wò. Ọmọ ìlú kan náà ni bàbá yìí àti Ìbíyínká. Ta ló mọ ohun tí arúgbó yìí fẹ́ fi sí òun lẹ́nu? Ó lè jẹ́ èébú. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi òun ṣẹ̀sín títí láé l'Ẹ́pinmi. Ó ní kí Bàbá má ṣèyọnu, ó gbé fóònù tirẹ̀ jáde, ó sì pe ìyàwó rẹ̀.

Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí Ìbíyínká fi gbé e. Ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ní èdè Ẹ̀pinmi.

Bùsàrí yára na fóònù sí Bàbá Zacchaeus. Bàbá mi orí.

"Ìwọ ló pè é."

Ìbíyínká tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Bùsàrí la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ń gbọ́ èémí ìyàwó rẹ̀ lódì kejì. Obìnrin náà ń dúró dè é. Bùsàrí kò fura sí i mọ́ rárá. Ẹ̀rù ló kàn ń bà á pé obìnrin náà yóò pa fóònù náà kí òun tó rí ọ̀rọ̀ kan fi dá a lóhùn.