Taberannang Ló Ni Orin

Òkun ti gbé Taberannang lọ kí wọ́n tó bí bàbá Kabuati pàápàá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má máa kọrin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, tí Kabuati bá sùn sórí ẹní nínú ahéré tí kò ní ògiri, ọkùnrin náà á ti inú omi jáde, á wá jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó láti inú irun rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tí Kabuati bá fi máa jí, orin náà á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo erékùṣù Nonouti ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn kan jogún oko àgbọn. Ìdílé Kabuati jogún ẹni tó kú sómi.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn orin náà ni orin ọkọ̀ tó ń wá èbúté. Bí wọ́n bá ń jó o, wọ́n á na apá bí ẹyẹ òkun tó ń ti òkè wá, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá jó o dé ìdajì, àwọn oníjó á ti máa sunkún, àwọn tó ń wòran náà á máa sunkún, inú gbogbo wọn á sì dùn gan-an.

Ohun tó wá ń ba Moaniti nínú jẹ́ nìyí. Òun nìkan ni ọmọ tí Kabuati ní. Tíṣà ni ní Tarawa, olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn, ó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé nítorí pé ọpọlọ bàbá rẹ̀ ti ń jò. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan kéékèèké. Bàbá pe ṣíbí ní "nǹkan tá a fi ń jẹ nǹkan." Lẹ́yìn náà ó pe Moaniti ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ọjọ́ tó kọrin ọkọ̀ dé àárín tó dúró, tó ń wo ọ̀sà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìyókù wà, ni ẹ̀rù ba Moaniti dé egungun. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Tarawa, àwọn mìíràn ti kọjá sí Niu Silandi. Bí orin yìí bá bọ́ lẹ́nu bàbá, inú òkun tó ti wá ló máa padà sí.

Ni Moaniti bá gbé e lọ sórí ìwé-ìmọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ayé ń jọ kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà láìsan kọ́bọ̀. Ìdí òpó tí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró dáadáa, torí náà ibẹ̀ ló ń jókòó sí, lábẹ́ igi àgbọn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré lórí itan. Ó kọ ìtàn orin náà, ó kọ nípa bàbá rẹ̀, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ orin náà síbẹ̀ látòkè délẹ̀. Ibi tí bàbá bá ti gbàgbé, ó wò ó lórí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan lókè òkun. Ọkùnrin kan láti ibẹ̀ ló wá gba ohùn Kabuati sílẹ̀ nígbà tí Moaniti ṣì ń rá kòrò. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà níwájú orin náà níbẹ̀. Moaniti fò wọ́n. Ó rò pé bàbá kàn ń ha ọ̀fun ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ìwé náà ti ṣófo. Àkíyèsí kan ló wà níbẹ̀, ó ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má tún un lò. Ẹni tó fọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ìwé-ìmọ̀ náà, pe ara rẹ̀ ní Ẹyẹ Òtútù.

Moaniti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lẹ́yìn ojú ìwé náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ gbà-gbà-gbà.

"Ẹ gbọ́ ná, ta ni yín? Orin bàbá mi nìyẹn. Inú ilé wa ni àwọn yẹn ti wá gbé e, àwọn ló wá di onílé lónìí?"

Ẹyẹ Òtútù ò pẹ́ kó tó fèsì. "Ẹ má bínú sí mi o. Mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó ń wá síbí pé bàbá àwọn ló ni nǹkan? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní bàbá òun ló kọ orin orílẹ̀-èdè wa."

"Bàbá tèmi ò kọ orin orílẹ̀-èdè kankan."

"Mo gbọ́. Ṣé Baba ṣì wà?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń jẹ kókò lọ́wọ́."

"Ó ti bùṣe nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí wa pé àwọn làwọn kọ orin náà, àwọn sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Gbólóhùn kan péré. Èmi fúnra mi ni màá dá a padà."

Moaniti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ahéré, ó ń fi okùn di àwọ̀n tó ti dì lánàá. Ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì kìíní.

"Kí n ní kí ni?" ni Kabuati bi í.

"Kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Baba."

"Èmi kọ́."

"Baba, gbogbo Nonouti ló mọ̀ pé—"

"Gbogbo Nonouti ló mọ̀ pé èmi kọ́. Ṣé ìwọ kì í ṣe ará Nonouti ni?"

"Taberannang ti kú, Baba!"

"Torí ó kú ni kí n ṣe jà á lólè? Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ja alààyè lólè ṣì sàn. Alààyè á lè pariwo." Ó gbé àwọ̀n náà sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Kò tíì wá látìgbà tí òjò ti dá. Mo ń retí rẹ̀. Bó bá wá gbọ́ pé mo ti sọ ara mi di òun ńkọ́? Ṣé ó tún máa wá?"

Moaniti padà sí ìdí òpó, inú ń bí i sí bàbá, inú ń bí i sí Ẹyẹ Òtútù, inú tún ń bí i sí òkú tí kò mọ̀ rí. Oòrùn ọ̀sán mú ọ̀sà funfun bí wàrà. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé: Èmi Kabuati ni mo kọ orin yìí. Ta ló máa mọ̀? Bàbá ò lè ka kọ̀ǹpútà, bó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, bàbá fúnra rẹ̀ lè má rántí pé òun kọ̀ ọ́. Ó tún un kà tán. Ó ku kó fi ránṣẹ́.

Kò mọ ìgbà tí oorun gbé e. Àfi bí ó ṣe rí ọkùnrin kan níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, tí omi ń kán lára irun rẹ̀. Kò kọrin. Ó na ọrùn, ó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ó wá gbójú sókè wo Moaniti. Kò bínú.

"Ta ló fún ẹ?" ló bi í.

Nígbà tó jí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti rin gbingbin. Kò sí ohun abàmì níbẹ̀. Bí òkun bá kún, omi máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ yọ ní Nonouti. Síbẹ̀, Moaniti pa gbólóhùn náà rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kò fi ku nǹkan kan.

Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo abúlé péjọ sí maneaba, ilé ìpàdé ńlá tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní ìdí òpó tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ̀rọ̀ láti ìdí òpó ẹlòmíràn. Moaniti di bàbá rẹ̀ lápá mú dé ìdí òpó tiwọn. Lójú ọ̀nà, bàbá ti bi í léèmejì pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ orin, ó dìde láìgbá nǹkan kan mú, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ kó tó kọrin, láìfo ọ̀rọ̀ kan:

"Orin yìí, èmi kọ́ ni mo ni ín. Taberannang ló ni ín, ẹni tí òkun gbé lọ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Òun ló fún mi. Bó bá dùn, òun ni kẹ́ ẹ yìn. Bí mo bá ṣì í, èmi ni kẹ́ ẹ bú."

Moaniti di orí mú. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ìró òkun tí kì í gbọ́ ọ mọ́. Ṣebí ọ̀rọ̀ yìí lòun fò lórí ìkànnì? Òun ọmọ Kabuati ló gbé orin sójú ayé láìdárúkọ ẹni tó fún un, ó wá ń bínú pé wọ́n pe òun lólè! Ojú tì í débi pé kò lè wo òpó.

Kò dúró gbọ́ orin tán. Ó sáré lọ sí ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ṣí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ó sì rí i níbẹ̀, lókè orin, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní èdè wọn àti ní èdè ìlú Moaniti. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ó tẹ ibi tí ohùn wà. Ohùn bàbá rẹ̀ jáde, ohùn géńdé, ohùn ẹni tó lè gun àgbọn lọ gbé ẹmu kó sì tún máa kọrin lókè ibẹ̀. Moaniti sunkún dáadáa kó tó kọ̀wé sí Ẹyẹ Òtútù.

"Ẹ dúró ná," ni Ẹyẹ Òtútù dáhùn. "Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́ jáde pé òkú ló ni orin?"

"Àwọn fúnra wọn."

"Ó mà ti ká wọn mọ́ o."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí Moaniti ò mọ̀ rí dà bo ibẹ̀ láti gbogbo ìlú ayé. Ẹnì kan ní òkú ò lè kọ orin. Ẹlòmíràn ní àwọn akọrin ìlú òun tó wà láàyè gan-an ò lè kọ ọ́. Ẹnì kan béèrè bóyá àlá ni ẹ̀rí. Ẹyẹ Òtútù ló wá pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní iṣẹ́ àwọn kọ́ ni láti mọ̀ bóyá òkú ń kọrin. Iṣẹ́ àwọn ni láti mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ àti ibi tó ti sọ ọ́, èyí sì ti wà nílẹ̀. Bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá sì ti kú fún àádọ́rin ọdún, gẹ́gẹ́ bí òfin tí àwọn ń tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Taberannang ti kú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ló bá dá ojú ìwé náà padà.

Moaniti lọ sọ fún bàbá rẹ̀. "Wọ́n ti dá a padà, Baba. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ni ín mọ́, ti gbogbo ayé ni."

"Kò sí ẹni tó ni ín kẹ̀? O ò sọ fún wọn ni?"

"Mo sọ. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú níbẹ̀."

"Ó dáa nígbà náà," ni Kabuati wí, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí ẹní, kí àyè lè wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Taberannang ò wá mọ́. Tàbí bóyá ó wá, tí Kabuati gbàgbé. Nígbà tó yá, orin ọkọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pátá, Moaniti ló wá ń kà á fún un látojú kọ̀ǹpútà. Bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá á gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló fún ẹ?" Moaniti á ní, "Taberannang ni, Baba." Bàbá á mi orí, á sì dijú láti gbọ́. Ohun tó gbàgbé kẹ́yìn láyé rẹ̀ ni láti béèrè.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn padà dé, Moaniti sùn sórí ẹní rẹ̀ nínú ahéré, ẹnì kan sì wá jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ò kán. Òórùn òróró àgbọn ló ń ta lára rẹ̀, òróró tí wọ́n fi pa á kí wọ́n tó sin ín, ó sì pe Moaniti ní orúkọ rẹ̀ gan-an, láìṣì í, kó tó bẹ̀rẹ̀ orin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Moaniti dìde ní ìdí òpó ìdílé wọn nínú maneaba.

"Orin yìí, èmi kọ́ ni mo ni ín," ló wí. "Kabuati bàbá mi ló ni ín. Òun ló fún mi."

Lọ́ọ̀ọ́kán, àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin ti gbé fóònù sókè láti gba orin náà sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀," ni Moaniti sọ. "Ẹni tó ni ín ò tíì kú pẹ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti ń sunkún kó tó na apá.